Ìdíje snúkà àgbáyé ti ámátọ̀: gúrúùpù, típù, aṣọ tábìlì àti òfin míìsì

Eléré_Tuntun bèèrè:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà inú eré yìí. Àjọ orílẹ̀-èdè fẹ́ fi orúkọ ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa ránṣẹ́ sí ìdíje àgbáyé ti àwọn ámátọ̀ (àwọn tí kì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́) tí IBSF, àjọ bílíádì àti snúkà àgbáyé, ń ṣe, èyí tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù pupa mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbá. Kò tíì gbá kọjá ìdíje abẹ́lé rí. Ó lè kó máàkì 60 sí 80 jọ lẹ́ẹ̀kan náà bí ọwọ́ rẹ̀ bá wọlé, séfútì rẹ̀ (ìgbá tó ń dí alátakò lọ́nà) náà kò sì burú.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ka gúrúùpù gan-an? A gbọ́ pé ẹni méjì lè borí iye ìdíje kan náà, kí ọ̀kan tẹ̀síwájú kí èkejì máa lọ sílé. Típù orí igi rẹ̀ ti ń tẹ́. Ṣé kó pààrọ̀ rẹ̀ ni àbí kó fi lọ bẹ́ẹ̀? Wọ́n tún ní aṣọ tábìlì ibẹ̀ ń sáré ju èyí tó mọ̀ lọ. Kí ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò bó bá dé ìdí tábìlì? Ti òfin míìsì (ti ẹni tó bá kùnà láti kan bọ́ọ̀lù tó yẹ kó kọ́kọ́ kàn) ló wá dẹ́rù bà wá jù, torí eré tí kò ní rẹfirí la máa ń gbá, ẹni tó bá ṣì í a kàn fún ẹnì kejì ní máàkì, eré á sì máa lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìwúrí dá wa lóhùn. Ohun tí èèyàn lè gbé ṣe la ń wá.

---

Aṣírò dáhùn:

Ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ jẹ́ n mú ti gúrúùpù, torí ibẹ̀ ni àlejò ti ń ṣubú láìmọ ohun tó gbé e ṣubú.

Olúkúlùkù máa bá gbogbo ẹni tó wà nínú gúrúùpù rẹ̀ gbá. Iye fúréèmù (abala eré kọ̀ọ̀kan nínú ìdíje) kì í dúró sójú kan lọ́dọọdún: ẹ lè bá a ní márùn-ún, kí ẹni tó bá kọ́kọ́ mú mẹ́ta borí, tàbí ní méje, kí ẹni tó bá kọ́kọ́ mú mẹ́rin borí. Bí wọ́n bá wọ ìpele nọ́káòtù, níbi tí ẹni tó bá pàdánù ti ń lọ sílé, ni ó ń gùn sí i. Ìwé ìlànà ọdún tí ẹ ń lọ ni kẹ́ ẹ kà, ti èṣí kò kàn yín.

Ìyàtọ̀ fúréèmù ló ń pa ni. Ẹ wo eléré mẹ́rin yìí, A, B, D àti E, ẹni tó bá kọ́kọ́ mú mẹ́ta ló borí, ẹni méjì ló sì ń tẹ̀síwájú. A na B 3–0. B na D 3–1. D na A 3–2. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì na E: A nà án 3–0, B nà án 3–1, D nà án 3–2. Ìdíje méjì-méjì ni A, B àti D borí. A mú fúréèmù 8, ó pàdánù 3, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ +5. B mú 6, ó pàdánù 5, ó jẹ́ +1. D mú 7, ó pàdánù 7, ó jẹ́ òfo. D mú fúréèmù ju B lọ o, òun náà ló tún na A tó ṣe ipò kìíní, síbẹ̀ òun ni yóò palẹ̀ ẹrù mọ́. Ká ní ó fi 3–0 na E ni, +2 ni ì bá ní, B ni ì bá sì máa wá ọkọ̀ òfuurufú. Ká ní 3–1 ni, òun àti B á jọ wà ní +1, ìwé ìlànà ló máa sọ ohun tí wọ́n á fi yà wọ́n.

Nítorí náà, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ kò le, òun gan-an ni kí eléré yín fojú sí jù lọ. Fúréèmù méjì tí D jẹ́ kí E gbà lọ́wọ́ òun ló lé e sílé. Bákan náà, bó bá ń pàdánù 0–2 lọ́wọ́ ọ̀gá kan, kó má ṣe sọ pé ó ti tán. 1–3 sàn ju 0–3 lọ, ó sì lè jẹ́ òun ni yóò gbé e kọjá lọ́jọ́ kẹta.

Ìṣírò orí tábìlì náà ńkọ́? Pupa kọ̀ọ̀kan tó kù, ẹ kà á sí 8 (ọ̀kan tirẹ̀ àti méje ti dúdú tí èèyàn lè gbá lé e), kí ẹ fi 27 ti àwọn bọ́ọ̀lù aláwọ̀ kún un. Bí pupa mẹ́rin bá kù, 59 ló wà nílẹ̀. Bí alátakò bá fi 60 ṣíwájú, fáòlù (àṣìṣe tó ń fún ẹnì kejì ní máàkì) kan ṣoṣo látọwọ́ rẹ̀, tó kéré jù ní 4, ti dá eré padà sáàárín. Àwọn tí ń jọ̀wọ́ fúréèmù níbi báyìí, tí wọ́n bọ alátakò lọ́wọ́ nígbà tí pupa mẹ́rin ṣì wà nílẹ̀, ń fi ìyàtọ̀ fúréèmù ara wọn tọrẹ ni.

---

Atábìlìṣe dáhùn:

Aṣírò ti ṣe tirẹ̀. Èmi á mú igi àti aṣọ.

Bí típù bá ti tẹ́ débi pé etí rẹ̀ ń wú kọjá idẹ ẹnu igi, kó pààrọ̀ rẹ̀, àmọ́ nísinsìnyí ni kó ṣe é. Kó má dúró di ọ̀sẹ̀ ìrìnàjò. Awọ tuntun máa ń sún kì bí a ṣe ń fi gbá bọ́ọ̀lù. Kó tó kì tán, lónìí bọ́ọ̀lù funfun á padà sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, lọ́la ìgbá kan náà á dá a padà ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, eléré á sì rò pé ọwọ́ òun ló ń yí. Ọ̀sẹ̀ méjì tó ń fi gbá lójoojúmọ́ kò pọ̀ jù fún un.

Ẹ fi abẹ mímú gé ti àtijọ́, kí ó ku pẹlẹbẹ tín-ín-rín lórí idẹ. Ẹ wá gíláàsì tàbí pákó tó tẹ́jú dáadáa, kí ẹ fi téépù lẹ sáńpépà 240 mọ́ ọn. Ẹ dá igi dúró ṣánṣán, kí ẹ máa fi ẹnu rẹ̀ yí òbìrípo lórí sáńpépà náà láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù, títí awọ àti gúlù àtijọ́ yóò fi tán pátápátá, tí idẹ àti igi àárín rẹ̀ yóò dọ́gba. Ibí yìí lọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́. Bí igi bá fì díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni, ẹnu rẹ̀ á dagun, típù á sì jókòó sórí rẹ̀ bí fìlà tí wọ́n gẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bọ́ọ̀lù tí ẹ bá gbá lágbedeméjì gan-an á máa yà, ẹ kò sì ní mọ ohun tó fà á.

Ẹ fi sáńpépà kan ìdí típù tuntun náà díẹ̀, kí gúlù lè rí ibi dì mú. Gúlù tó ki bí ọ̀gì ni kẹ́ ẹ lò, èyí tí kì í ṣàn, ẹ̀kán kékeré kan ti tó. Bó bá pọ̀ tàbí tó ṣàn, awọ á fà á mu, ìdí típù á le bí òkúta, bọ́ọ̀lù á sì máa yọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn fún bí ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Wọ́n lè kọ ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan sára gúlù náà, ẹ má kánjú. Lẹ́yìn náà, ẹ dojú típù dé pákó líle, kí ẹ fi abẹ gé etí tó yọ kọjá idẹ, láti ìdí típù sísàlẹ̀. Ẹ fi sáńpépà jẹ́jẹ́ dán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láìkan idẹ, kí ẹ rin ẹ̀gbẹ́ náà díẹ̀, kí ẹ sì fi awọ tàbí bébà líle fi í kíákíá títí yóò fi dán, tí yóò sì le. Bí ẹ kò bá ṣe èyí, kò ní pẹ́ tí yóò tún fi wú. Orí rẹ̀ ni ẹ máa ṣe ribiti kẹ́yìn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi bọ́ọ̀lù kan dán an wò kí ẹ sì tẹ́tí. Bí gúlù bá dì dáadáa, ohùn rẹ̀ á ki, á sì kúrú. Bó bá ń dún wọ́gọ́wọ́gọ́ bí ohun tó ṣófo nínú, ibì kan kò lẹ̀, ẹ tú u kí ẹ tún un ṣe. Àpẹẹrẹ típù tó wọ́pọ̀ fún igi snúkà ni ti mílímítà 9.5 tàbí tó súnmọ́ ọn. Kó mú méjì mìíràn dání tó jẹ́ irú kan náà, pẹ̀lú gúlù àti abẹ nínú ẹrù tó máa lọ sábẹ́ ọkọ̀.

Ó kan aṣọ. Tábìlì ìdíje ńlá ni aṣọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí irun rẹ̀ kúrú, wọ́n sì sábà máa ń fi iná ìgbóná sábẹ́ òkúta pẹlẹbẹ tó gbé aṣọ náà, kí ọ̀rinrin má baà dúró níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù á sáré. Ẹni tí aṣọ tó wúwo bá ti mọ́ lára máa ń rò pé kí òun dín agbára kù ló kù, á wá máa dá ọwọ́ dúró bí igi bá fẹ́ kan bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù á yà, nítorí ọwọ́ tó ń dúró lójijì ń mì. Fífà sẹ́yìn ni kó kúrú, kí ọwọ́ wá la bọ́ọ̀lù kọjá bó ṣe máa ń ṣe. Lórí irú aṣọ yìí, ìgbá ìsàlẹ̀ bọ́ọ̀lù tún máa ń mú ju bó ṣe rò lọ, torí bọ́ọ̀lù funfun ń yọ̀ lọ jìnnà kí yíyí ẹ̀yìn rẹ̀ tó tán. Ìgbá tó ń dá funfun padà sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà kan nílé lè gbé e wọ ihò níbẹ̀.

Irun aṣọ ń lọ láti ilà báòkì (ilà tó dábùú tábìlì níhà tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ eré) sí ìhà tí bọ́ọ̀lù dúdú wà. Bọ́ọ̀lù tó bá ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ máa ń tẹ̀ síbi tí irun náà kọjú sí. Èyí ló fà á tí bọ́ọ̀lù tí ẹ yí jẹ́jẹ́ láti ìhà dúdú wá sí ihò àárín fi ń kan àgbọ̀n (etí ẹnu ihò) tó súnmọ́ ọn jù. Àgbọ̀n tó jìnnà, ti ìhà báòkì, ni kẹ́ ẹ fi ṣe àmì, irun á fa á wá sáàárín ihò. Ẹ̀gbẹ́ tí ẹ bá fi sí funfun (bí ẹ bá gbá a lápá ọ̀tún tàbí òsì kó lè máa yí) náà ń yí padà: bó bá ń bá irun lọ, á tẹ̀ síhà ẹ̀gbẹ́ tí ẹ gbá, bó bá ń dojú kọ irun, á tẹ̀ síhà kejì. Lórí ìgbá líle, kò fara hàn. Lórí ìgbá jẹ́jẹ́ gígùn, ó lè ju ìdajì bọ́ọ̀lù lọ.

Bí wọ́n bá fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti gbá kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kó má bẹ̀rẹ̀ sí í kó pupa àti dúdú jọ. Kó gbé funfun sórí ilà báòkì, kó gbá a lọ síbi etí òkè (etí tábìlì tó wà níhà dúdú) lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú agbára kan náà, kó wo ibi tó ń padà dúró sí. Kó gbá a láti D (àbọ̀ òbìrípo tí wọ́n yà sí ilà báòkì) kó kan etí mẹ́ta, kó wo igun tó gbà jáde. Kó yí bọ́ọ̀lù kan wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ etí ọ̀tún, kó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ti òsì, láti mọ̀ bóyá tábìlì tẹ̀ sí ibì kan. Kó yí ọ̀kan sí ihò àárín láti ìhà dúdú. Níkẹyìn, kó gbá dúdú kan gba ẹ̀gbẹ́ etí lọ sí ihò igun, pẹ̀lú agbára díẹ̀: bí ihò bá ń kọ̀ ọ́, ó ti mọ̀ pé jẹ́jẹ́ ni yóò máa gbá irú rẹ̀ títí ìdíje yóò fi parí.

---

Dúdú_Méje dáhùn:

Atábìlìṣe, ẹ ṣeun o, ẹ̀gbọ́n. Díẹ̀ lórí ìtàn, kí wọ́n lè mọ irú ibi tí wọ́n ń lọ. Ìdíje yìí bẹ̀rẹ̀ ní 1963 ní Calcutta, ní Íńdíà. Gary Owen ló gbà á, ó sì tún gbà á ní Karachi ní 1966. Jimmy White gbà á ní Launceston, ní Ọsirélíà, ní 1980, ọmọ ọdún 18 ni nígbà náà. Ken Doherty gbà á ní Singapore ní 1989, ó sì wá gba ife àgbáyé ti àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní 1997. Stuart Bingham náà tọ ọ̀nà kan náà: ámátọ̀ ní 1996, akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní 2015. Marco Fu gba tirẹ̀ ní Bulawayo, ní Sìmbábúè, ní 1997. Pankaj Advani ti Íńdíà gbà á ní 2003, 2015 àti 2017.

Àwọn ọmọdé ló wá ń dẹ́rù bani. Zhou Yuelong jẹ́ ọmọ ọdún 15 nígbà tó gbà á ní Daugavpils, ní Látífíà, ní 2013. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Yan Bingtao gbà á ní Bangalore, ọmọ ọdún 14 ni, 8–7 ló sì fi borí nínú àṣekágbá. Ẹni tí Zhou nà nínú àṣekágbá ti 2013, Zhao Xintong, òun ló gba ife àgbáyé ti àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní gbọ̀ngàn Crucible, ní Sheffield, ní 2025, ámátọ̀ sì ni wọ́n kà á sí nígbà tó gbà á. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ "ámátọ̀" kó rò pé àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ ni.

Ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, wọ́n ti fún olúborí ní ìwé àṣẹ ọdún méjì láti bá àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ gbá. Ohun tó jẹ́ kí ọwọ́ àwọn ènìyàn le nìyẹn.

Ti míìsì kò le: bó bá kùnà láti kan bọ́ọ̀lù tó yẹ lẹ́ẹ̀mẹta, fúréèmù ti lọ.

---

Rẹfirí_Ìsinmi dáhùn:

Dúdú_Méje, àbúrò mi, ìtàn yín dára, àmọ́ ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn máa kó ọmọ ọlọ́mọ sí wàhálà. Ẹ̀ẹ̀mẹta kì í gba fúréèmù ní gbogbo ìgbà. Ó ní ibi tó ti ń rí bẹ́ẹ̀.

Òfin ní kí eléré sa gbogbo agbára rẹ̀ láti kan bọ́ọ̀lù tó yẹ kó kọ́kọ́ kàn. Bó bá kùnà tí rẹfirí sì gbà pé kò sa gbogbo agbára rẹ̀, á pe fáòlù àti míìsì. Alátakò wá ní yíyàn: ó lè gbá láti ibi tí bọ́ọ̀lù wà, ó lè ní kí ẹni tó ṣì í gbá láti ibi tí wọ́n wà báyìí, tàbí kí wọ́n dá gbogbo bọ́ọ̀lù padà sí ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ kó tún un gbá. Fáòlù kì í dín ní 4, kì í ju 7 lọ. Bó bá ń wá pupa tó sì kan dúdú, 7 ni.

Bí wọ́n bá ti fi bọ́ọ̀lù mìíràn dí i lójú, tí kò rí bọ́ọ̀lù tó yẹ ní tààrà, ó lè kùnà lẹ́ẹ̀márùn-ún tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, máàkì ló máa sọnù, fúréèmù kò ní torí ìyẹn lọ fúnra rẹ̀. Ti ẹ̀ẹ̀mẹta wà fún ibi tí ọ̀nà tààrà wà láti funfun dé bọ́ọ̀lù tó yẹ, tó sì lè kàn án ní àárín gbùngbùn, láìsí ohun tó bò ó lápá kankan. Ẹ̀ẹ̀kínní, míìsì. Ẹ̀ẹ̀kejì láti ipò kan náà, míìsì, ohun yòówù kí máàkì jẹ́. Bí alátakò bá sì tún ní kó gbá a láti ibẹ̀, rẹfirí á kìlọ̀ fún un pé ẹ̀ẹ̀kẹta á gba fúréèmù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó lọ.

Báwo ni èèyàn ṣe ń ṣi bọ́ọ̀lù tó rí gbangba? Nípa ìwọra ni. Á fẹ́ kí funfun kan etí pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kó lè padà sí báòkì, funfun á sì kọjá láìkàn án. Á tún gbìyànjú ìgbá fẹ́lẹ́ náà lẹ́ẹ̀kejì. Bí ìkìlọ̀ bá ti jáde lẹ́nu rẹfirí, kó gbàgbé ẹwà, kó kan pupa náà ní àárín, bó tilẹ̀ máa ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún alátakò.

Ìyọ̀ǹda kan tún wà tí àwọn tí kò gbá pẹ̀lú rẹfirí kì í mọ̀. Bí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì bá ti nílò máàkì fáòlù kó tó lè borí, kí ìgbá náà tó wáyé tàbí nítorí ìgbá náà, rẹfirí kì í pe míìsì bó bá dá a lójú pé kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Nítorí náà, ìṣírò tí Aṣírò ṣe lókè yẹn, ẹ máa ṣe é lọ́kàn ní gbogbo ìgbà. Ó ń sọ fún yín bóyá míìsì wà lójú iṣẹ́ tàbí kò sí.

Fíríì bọ́ọ̀lù (àǹfààní láti fi bọ́ọ̀lù mìíràn rọ́pò èyí tó yẹ) náà ń dá ìjà sílẹ̀. Lẹ́yìn fáòlù nìkan ló ń wáyé, nígbà tí ẹni tó kàn kò bá lè kan etí méjèèjì bọ́ọ̀lù tó yẹ, ní ti gbogbo bọ́ọ̀lù tó yẹ. Rẹfirí ló ń pè é. Eléré á wá dárúkọ bọ́ọ̀lù tó yàn bí kò bá hàn gbangba. Kó máa dárúkọ rẹ̀ sókè, kó má fi ojú sọ̀rọ̀.

Ohun kékeré mìíràn tí ń gba máàkì lọ́wọ́ àlejò: ọwọ́ aṣọ tàbí táì tó kan bọ́ọ̀lù, fáòlù. Ẹsẹ̀ méjèèjì tó kúrò nílẹ̀ nígbà ìgbá, fáòlù. Kó má fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù láti nu ẹfun ara rẹ̀, rẹfirí ni kó bẹ̀. Nínu yìí ṣe pàtàkì o, torí ẹyọ ẹfun kan láàárín bọ́ọ̀lù méjì a máa mú kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra fún ìṣẹ́jú tín-ín-rín, bọ́ọ̀lù á fò, á sì kúrú síbi tó ń lọ. Bó bá rí àmì ẹfun lára funfun ṣáájú ìgbá tó le, kó sọ̀rọ̀.

---

Eléré_Tuntun dáhùn:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣé, ẹ kú làálàá. Bàbá Rẹfirí, a ti gbọ́. Ó ku mẹ́ta: ìgbá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ máa ń kan búlúù lójú tábìlì tuntun, igi rẹ̀ tó jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin (alápá méjì, tí apá kan rẹ̀ gùn ju èkejì lọ), báwo ni wọ́n ṣe ń gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú, dókítà sì ti ń fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

---

Rẹfirí_Ìsinmi dáhùn:

Ti oògùn ni kẹ́ ẹ bójú tó kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ wo orúkọ rẹ̀ lára páálí. Bó bá jẹ́ propranolol, atenolol tàbí èyíkéyìí nínú ìdílé beta-blocker, ó wà lára ohun tí WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti lílo oògùn tí kò bófin mu nínú eré ìdárayá, kà léèwọ̀ nígbà ìdíje fún gbogbo eré bílíádì, snúkà sì wà nínú wọn. Ìdí ni pé ó ń dín lílù ọkàn àti gbígbọ̀n ọwọ́ kù. Timolol tí wọ́n ń kán sójú wà nínú ìdílé kan náà. Kó má ṣe dá oògùn dúró fúnra rẹ̀ o, ìyẹn léwu. Kó lọ bá dókítà, kó béèrè bóyá irú mìíràn tí kò sí nínú ìdílé yẹn lè ṣiṣẹ́ fún òun. Bí kò bá sí, kó bẹ̀rẹ̀ ìwé ìbéèrè ìyọ̀ǹda nípasẹ̀ àjọ orílẹ̀-èdè, pẹ̀lú ẹ̀rí ilé ìwòsàn. Ìwé yìí kì í yá.

---

Atábìlìṣe dáhùn:

Ìgbá ìbẹ̀rẹ̀: funfun láàárín búráùnù àti yẹ́lò, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kó kan pupa ìparí apá ọ̀tún fẹ́lẹ́. Á kan etí òkè, á kan etí ọ̀tún, á kọjá sí etí òsì, á sì sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn gíríìnì. Bó bá ń kan búlúù, ọ̀kan nínú méjì ni: ó kan pupa nípọn jù, tàbí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tó fi sí i kò tó, kò ṣí igun tó láti etí ọ̀tún. Lórí aṣọ tó ń yọ̀, ẹ̀gbẹ́ náà lè má tètè mú. Kó sún funfun sí yẹ́lò díẹ̀ kó lè rí pupa náà fẹ́lẹ́ sí i, kó sì dín agbára kù, torí agbára tó ń gbé funfun lẹ̀ mọ́ etí ìsàlẹ̀ nílé máa ń mú un ta padà jáde níbẹ̀.

Ti igi, ẹ bi ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú náà léèrè lórí ìwé, torí ibòmíràn wà tí wọn kì í jẹ́ kó wọlé pẹ̀lú èrò. Bó bá máa lọ sábẹ́ ọkọ̀, àpò líle onípílásítíkì tàbí alumíníọ́mù ni, kí ẹ fi aṣọ dí gbogbo ibi tó ṣófo kí igi má baà máa lu ara rẹ̀. Ẹ wọn gígùn àpò náà kí ẹ tó sanwó, igi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gùn ju ẹrù lásán lọ. Bó bá dé, kó ṣí àpò náà nínú yàrá, kó fi igi sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan kó tó so ó pọ̀, torí òtútù abẹ́ ọkọ̀ àti ooru yàrá ń fa igi. Kó nu ìsopọ̀ idẹ rẹ̀ gbẹ, kó dì í le, kó sì fi ojú kan wo gígùn rẹ̀ láti ìdí dé ẹnu.

---

Aṣírò dáhùn:

Mo gbàgbé aṣọ ara: ṣẹ́ẹ̀tì alápá gígùn, wésíkóòtì, táì olórí labalábá, ṣòkòtò dúdú àti bàtà dúdú. Kó fi gbogbo rẹ̀ gbá fún ọ̀sẹ̀ kan nílé. Wésíkóòtì tó há lábíyá ń fa apá sẹ́yìn, bàtà tuntun sì ń yọ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì nígbà tó bá na ara sórí tábìlì.